Aṣọ Mẹ́rìnlá ní Bàrò

Bàbá bàbá mi, Láyíwọlá télọ̀, ọmọ Ìgbájọ,
tẹ̀lé rélùwéè dé Bàrò, ó sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kalẹ̀ níbẹ̀,
níbi tí ojú irin ti lọ bá odò Ọya tó dúró.
Ó gbọ́ Nupe débi pé ó ń fi lá àlá.
Kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í dá sí
àfi ọ̀rọ̀ omi.

Lọ́dún tí ogun Bọ́mà kásẹ̀ nílẹ̀, wáyà dé:
àwọn ọmọ Kusógi ń bọ̀, gbogbo àwọn mẹ́rìnlá.
Àwọn ìyá wọn sọdá wá bá télọ̀,
owó ẹja ní ìṣẹ́tí ìró wọn.
“Rán an kó fẹ̀,” ni ìyá Jíyà wí.
“Ọmọdé ló lọ. Mi ò mọ bí èjìká rẹ̀ ti rí mọ́.”
Kí ni télọ̀ máa ṣe?
Èjìká ara rẹ̀ ló fi wọn ti ọmọ ọlọ́mọ.

Ọ̀la ni Iléyá. Rélùwéè pẹ́ kó tó dé.
Ọlọ́kọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kílẹ̀ mọ́, odò ti kún.
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti la odò mìíràn kọjá
tòun ti ìbọn lókè orí.
Lódìkejì, fìtílà mẹ́rìnlá wà létí omi,
ìyá kọ̀ọ̀kan gbé tirẹ̀ dání.
Láti inú ọkọ̀, wọ́n ń ka iná náà sókè,
ẹnìkan sì pariwo pé,
“Èyí tó ń mì yẹn, ìyá tèmi nìyẹn!”

Omi tó kọ́ wọn lúwẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó mọ ìrìn.
Ṣùgbọ́n omi ò mọ bàtà sójà,
okùn tí a dì ní ìdì méjì,
kóòtù onírun, báàgì tó kún fún dígí àti ọṣẹ olóòórùn.

Ogun ò jẹ wọ́n. Ẹnu ọ̀nà ilé ló jẹ wọ́n.

Sàbá nìkan ló gúnlẹ̀. Bàtà há a lẹ́sẹ̀,
ó ti bọ́ ọ látinú rélùwéè.
Ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn títí ó fi kú,
ó sì kọ́lé sórí òkè, ó kẹ̀yìn fèrèsé sódò.
Ìyá mẹ́tàlá ń kí i láràárọ̀, wọ́n ń bi í léèrè iṣu rẹ̀.
Kò sí èyí tó bi í léèrè nǹkan mìíràn.

Wọn ò pa àgbò lọ́jọ́ kejì.
Ẹnìkan tú wọn sílẹ̀, a ò mọ ẹni náà.
Wọ́n ń jẹko kiri Kusógi títí irùngbọ̀n wọn fi funfun.

Mẹ́dà dé nínú àpòòwé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.
Ìyá Jíyà so tirẹ̀ mọ́ àwọ̀n dípò òjé,
ó ní bóyá ó mọ ọ̀nà.

Àti aṣọ? Kò sẹ́ni tó wá gbà á. Sàbá pàápàá ò wá.
Bí Iléyá bá ku ọjọ́ mẹ́ta, bàbá mi àgbà á kó o jáde,
á sá a, á dí ibi tí kòkòrò jẹ,
á lọ̀ ọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, á ká a padà.
Ó kú, bàbá mi gbà á ṣe.
Bàbá mi kú. Àpótí náà wà lábẹ́ ibùsùn mi ní Kúbwà,
èmi tí mi ò tilẹ̀ mọ abẹ́rẹ́ í dì mú.

Lọ́dún tó kọjá, iná ọba lọ, mo gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú,
mo sì wọ ọ̀kan wò, kí n sá lè mọ̀.
Èjìká rẹ̀ bá mi mu bíi pé èmi ni wọ́n wọ̀n.
Mo dúró nínú òkùnkùn, mi ò lè mira.
Aládùúgbò tan fìtílà kan lójú fèrèsé òdìkejì.

Mo bọ́ ọ. Mo ká a.